Sítíárìn Katakata Àtijọ́: Láti Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Ti Wò Ó

Bí ẹ bá pàdé katakata àtijọ́ kan lójú ọ̀nà Ìjù, tó ń ti oko bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, ẹ má wo táyà rẹ̀. Ọwọ́ awakọ̀ ni kí ẹ wò. Bí ọwọ́ náà bá ń lọ sọ́tùn-ún, tó ń lọ sósì láìsinmi, bí ọwọ́ ẹni tó ń ku èlùbọ́, síbẹ̀ tí ọkọ̀ ń lọ tààrà bíi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, sítíárìn rẹ̀ ti gbó nìyẹn. Awakọ̀ kò ní sọ fún yín pé ó gbó. Ó ti mọ́ ọn lára. Yóò ní bí katakata Massey ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ta ló ń retí kí ọkọ̀ tó ti lé ní 50 ọdún máa gbọ́rọ̀ bí ọmọ tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde nílé iṣẹ́, ó ń gbọ́rọ̀, ó sì lè tún máa gbọ́rọ̀ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ìtọ́jú náà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí: ẹni tó ni katakata á gbé e wá, mẹkáníìkì á di sítíárìn mú, á mì ín, á rí i pé ó ń yí lófìfo kó tó dé ọ̀dọ̀ táyà. Kíá, ó ti mú sípánà, ó ti wá ìdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí sítíárìn, ó ti fún un pa. Sítíárìn á le. Inú ẹni tó ni ọkọ̀ á dùn, á sanwó, á máa lọ. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí eyín inú àpótí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn, nítorí ẹni tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n fìyà jẹ. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì, oríkèé àwọn ọ̀pá tó ń yí táyà, tó ti jẹ tán nísàlẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ó ń mì. Òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó yẹ kó ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Katakata tí mo ní lọ́kàn ni Massey Ferguson 135 àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 35. Ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Banner Lane, ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì. 35 jáde ní 1956, 135 sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí 1964. Bàbá wọn ni Ferguson kékeré aláwọ̀ eérú tí Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1946. Wọ́n ṣe ju 500,000 rẹ̀ lọ kí wọ́n tó dá a dúró ní 1956. Banner Lane alára ti kógbá sílé láti ìparí 2002, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣì ń túlẹ̀ ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ètò ìjọba ni ọ̀pọ̀ irú katakata bẹ́ẹ̀ bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1957 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Àkúrẹ́, òun ló di kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ lónìí. Ní 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ètò ibùdó àgbẹ̀ kalẹ̀, ọmọ Ìdànrè, Gabriel Akin-Deko, ló sì wà ní ipò mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, 1976, ni ìjọba ológun tún pariwo Operation Feed the Nation káàkiri orílẹ̀-èdè. Kí ètò tó kú, katakata ti dákẹ́. Èyí tó bá dákẹ́ lọ́gbà ìjọba, gbàǹjo ló ń bá lọ. Ẹni tó rà á á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á máa fi ẹ̀yà ara ti ibí tún ti ọ̀hún ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi lè rí 135 kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ kan, tí áásù iwájú rẹ̀ jẹ́ ti òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú rẹ̀ ṣe, kó má gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tó bá fọwọ́ kàn.

Kí a tó dé orí àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí sítíárìn Ferguson kò rí bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ̀pá kan ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fa ti ọ̀tún, ti òsì kò lè ṣe kó má tẹ̀lé e. Níbi 35 àti 135, kò sí ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Àpótí sítíárìn, tó jókòó sórí ilé jíà níwájú awakọ̀, ní apá irin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n rọ̀ wálẹ̀ bí apá ẹni tó dúró jẹ́ẹ́. Láti ìdí apá kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá gígùn kan ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ síwájú, ó lọ mú táyà tirẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì. Inú àpótí nìkan ni wọ́n ti mọ ara wọn.

Kí ló dé tí Ferguson ṣe é báyìí? Nítorí poro. Àgbẹ̀ tó ń ṣe àgbàdo lónìí, tó ń ṣe iṣu lọ́la, kò lè lo ìwọ̀n kan náà fún ààyè táyà. Áásù iwájú katakata yìí ní ihò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí poro bá fẹ̀, ẹ óò tú bóòtì, ẹ óò fa táyà síta, ẹ óò dè é padà, sítíárìn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì kan bá já lọ́nà, kò sí ọ̀pá àárín tí yóò di táyà yẹn mú. Ẹ fojú inú wò ó: katakata fa tírélà ẹ̀gẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá Òwẹnà láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọkọ̀ ńlá wà níwájú, ọkọ̀ ńlá wà lẹ́yìn. Táyà kan ń gbọ́ tiyín, èkejì ń gbọ́ ti òkúta.

Nínú àpótí náà, ọ̀pá tí sítíárìn wà lórí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ní ojú tó yí i ká bíi ti bóòtì ńlá. Nọ́ọ̀tì kan wà lórí ojú náà, ṣùgbọ́n irin àwọn méjèèjì kò ha ara wọn. Bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ ló wà láàrin wọn. Wọ́n ń yí lọ, wọ́n ń gba ihò kan padà síbi tí wọ́n ti wá. Bí ẹ ti ń yí sítíárìn, nọ́ọ̀tì ń gòkè tàbí kó máa sọ̀, ó ń ti ọ̀pá apá kan. Orí ọ̀pá apá yẹn ní eyín, eyín náà mú eyín orí ọ̀pá apá kejì, ó sì ń yí òun náà. Lọ́rọ̀ kan, apá kan ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀tì, apá kejì ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu apá kìíní. Bí eyín àárín wọn bá ti jẹ, táyà kan á máa pẹ́ dé. Awakọ̀ tó ń sọ pé ọkọ̀ òun máa ń fà sí ọ̀nà kan bí òun bá ń yà, tó ti pààrọ̀ táyà, tó ti fẹ́ ẹ ní atẹ́gùn tán, ibí ni kó lọ wò, bó bá ti yanjú ti ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní ẹjọ́ í jẹ́. Àkúrẹ́ àti Oǹdó kì í ṣe Kánò, igbó ni. Kùkùté ṣì wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n búra pé àwọn ti tu gbogbo rẹ̀, àpáta ńlá tó ga ní Ìdànrè sì ní ìbátan tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ káàkiri. Bí táyà iwájú bá gbá kùkùté, ìgbá náà kò dúró sí táyà. Ó gba ọ̀pá gígùn lọ sí apá, ó gba apá lọ sí eyín, ó gba eyín dé ọwọ́ awakọ̀. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í ki àtàńpàkò sínú sítíárìn katakata tí kò ní páwà. Ẹ̀yìn ló ń gbé e sí, kí sítíárìn má baà yí padà lójijì kó sì kán an lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ń túlẹ̀, táyà ọ̀tún ló ń wà nínú poro tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èmi sábà máa ń rí i pé bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ lọ.

Ó yá, iṣẹ́ dé.

Ẹ má tíì fi jáàkì kàn án. Ẹ jẹ́ kí katakata dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ọmọ iṣẹ́ gòkè jókòó. Kó máa mì sítíárìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń mi ọmọ tó fẹ́ sùn, kó má yí i débi tí táyà á fi ṣí. Ọ̀gá wà nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ di ojú ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ojú kì í tètè rí i. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì mẹ́rin ló wà, méjì lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti jẹ, ẹ óò gbọ́ ọ lábẹ́ ìka bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ẹ tún dé orí kìńgì pínnì, irin tí táyà fi ń yà nínú áásù, níbi tí apá kékeré tí ọ̀pá gígùn mú ti so mọ́ ọn: bóòtì ló di ibẹ̀ mú, bó bá sì ti dẹ̀, irin méjèèjì á ti jẹ ara wọn níbẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn, kí ẹ di apá tó rọ̀ láti inú àpótí mú, ẹ wò bóyá nọ́ọ̀tì rẹ̀ dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ lé àpótí alára. Bí gbogbo àpótí bá ń mì lórí ilé jíà, bóòtì tó dè é mọ́lẹ̀ ló dẹ̀, iṣẹ́ sípánà ni, kò gba àsọjù.

Ìgbà yìí ni jáàkì tó wúlò. Ẹ dí táyà ẹ̀yìn síwájú àti sẹ́yìn, ẹ gbé áásù iwájú sókè, kí ẹ fi gẹdú gbé e ró. Gẹdú ni mo wí, mi ò wí búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìlú bí Oǹdó tí ilé ìlagi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wá gẹdú tì. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì, ẹ má tíì pariwo kìńgì pínnì. Ẹ wo àárín: bí táyà nìkan bá ń mì, tí irin tó gbé e kò mì, bíárìn ni, ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ fífún díẹ̀. Bí irin náà bá ń mì nínú áásù, búṣì kìńgì pínnì ti lọ. Ẹ ki irin gígùn sábẹ́ àárín áásù, níbi tó rọ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ẹ wú u: pínnì àárín wà níbẹ̀, òun náà ní búṣì, àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí nìkan, bí sítíárìn bá ṣì ń yí lófìfo nígbà tí apá méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, ni a tó lè sọ pé àpótí ló ṣẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ti máa kánjú: "Baba, ẹ ṣáà bá mi dì í." Baba tó mọ ohun tó ń ṣe á bi í pé, "Kí ni kí n dì, ọmọ mi? Ṣé èyí tó dẹ̀ ni tàbí èyí tó wà nítòsí?"

Iṣẹ́ ìsàlẹ̀ kò ṣòro, ó kàn gba òtítọ́. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì tó jẹ, pípààrọ̀ ni. Àwọn kan máa ń mú un gbóná, wọ́n á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ kó lè fún bọ́ọ̀lù mọ́ra; kò sí ohun tó tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe dídá ìjàǹbá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ má lu ojú bóòtì rẹ̀. Ẹ fi òòlù kan ti ẹ̀gbẹ́ ihò tó wọ̀, kí ẹ fi òmíràn gbá òdì kejì lẹ́ẹ̀kan ṣinṣin, yóò jábọ́. Èyí tuntun, ẹ má gbàgbé pínnì tó ń dí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ìṣó kì í ṣe pínnì.

Ọ̀pá gígùn tó wọ́ díẹ̀, tọ́nà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ léètì, lè tọ́ ọ ní tútù. Èyí tí wọ́n ti fi iná mú gbóná kí wọ́n tó tọ́ ọ, èmi kò ní gùn ún jáde sójú títì. Apá àpótí tó ṣẹ́, tí wẹ́dà bá jó pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wẹ́dà wa dára, ilẹ̀kùn àti tírélà tí wọ́n ń ṣe ní Àkúrẹ́ kò kéré. Ṣùgbọ́n irin apá àti irin eyín ti gba iná àti omi nílé iṣẹ́ kó lè le. Iná wẹ́dà á sọ ọ́ di rírọ̀ níhìn-ín, á sọ ọ́ di gbígbẹ lọ́hùn-ún. Lójú, ó dà bí ẹyọ kan. Kùkùté ló mọ̀ pé méjì ni.

Búṣì ni ibi tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wa ti dára jù lọ. Tọ́nà tó ní ẹ̀rọ léètì á rọ búṣì láti ara ọ̀pá bráàsì, á wọn kìńgì pínnì, á sì fi ààyè tín-ín-rín sílẹ̀ fún gíríìsì. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣọ́: ihò. Búṣì gbọ́dọ̀ ní ihò tó dojú kọ ẹnu tí a ń gbà fa gíríìsì, kí ọmọ iṣẹ́ tó ń gbá a wọlé sì rí i pé ihò pàdé ihò. Bí wọn kò bá pàdé, ẹ óò máa fa gíríìsì lójoojúmọ́, gíríìsì kò sì ní dé ibi kankan, ẹ óò wá máa ní búṣì ìsinsìnyí kò dára. Ní àsìkò ìtúlẹ̀, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fa á, títí èyí tó mọ́ á fi máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdọ̀tí tó bá gíríìsì àtijọ́ jáde ni owó tí ẹ kò ní san mọ́.

Bó bá wá jẹ́ pé àpótí ni lóòótọ́, ẹ fi gbogbo ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí sítíárìn dé bèbè, ẹ má yọ ọ́ tán, kí ẹ fi púlà fa sítíárìn. Ẹni tó bá fi òòlù lu orí ọ̀pá náà ń ti bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ inú àpótí mọ́ ojú ọ̀nà wọn, àmì tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kì í parẹ́. Sítíárìn á máa ta kọ́kọ́ bó bá ti dé ojú àmì náà. Kí ẹ tó yọ apá méjèèjì, ẹ fi irin ṣóńṣó sàmì sí ara apá àti ara ọ̀pá. Ẹfun kò tó, kẹrosíìnì á fọ̀ ọ́ nù.

Ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí ẹ wò ó bí oníṣègùn ṣe ń wo ìtọ̀. Bó bá funfun bí omi ọ̀gì, òjò ti ń gba orí sítíárìn wọlé. Katakata tí wọ́n ń gbé sí gbangba láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá kò lè ṣe kó má mu omi. Bó bá ń dán wìnrìnwìnrìn, eyín ló ń jẹ. Bó bá jẹ́ gíríìsì ni ẹ bá níbẹ̀, ẹ ti rí ọ̀ràn. Síìlì ẹ̀gbẹ́ àpótí ló ti bàjẹ́, ọ́ìlì ń jò, ẹnì kan ní kò burú, ó fi gíríìsì dípò. Gíríìsì kì í ṣàn padà. Eyín á gé e kọjá, yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ògiri, àwọn bọ́ọ̀lù á máa yí ní gbígbẹ. Ọ́ìlì jíà ni ilé iṣẹ́ fi sí i, òun náà ni kó wà níbẹ̀.

Ẹ tẹ́ aṣọ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì inú àpótí, nítorí àwọn bọ́ọ̀lù á tú jáde. Ẹ kà wọ́n, kí ẹ kọ iye wọn sára ògiri. Ọ̀kan tó bá yí wọ inú iyanrìn ọgbà mẹkáníìkì, ó di ti ilẹ̀, ẹni tó bá sì fi bọ́ọ̀lù bíárìn kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀ ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ohun gbogbo, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e síta nínú oòrùn. Ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Bó bá ti ní ìhò bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà, kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ wo eyín àárín dáadáa ju eyín ìpẹ̀kun lọ. Búṣì ọ̀pá apá náà ń kọ́? Síìlì tuntun lórí búṣì tó ti gbó kì í lo oṣù kan.

Ní ìtòpadà, àwọn páálí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ìdí ọ̀pá sítíárìn ni ẹ ó fi wọn bíárìn rẹ̀: kí ọ̀pá má gòkè, kó má sọ̀, síbẹ̀ kí ìka méjì lè yí i. Eyín ọ̀pá apá méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní àárín gbùngbùn, ojú àmì sí ojú àmì. Bí wọ́n bá fi eyín kan yà, katakata á máa yà dáadáa sọ́tùn-ún, á sì máa kọ̀ láti yà sósì.

Ìgbà yìí, ní ìkẹyìn pátápátá, ni ìdè ẹ̀gbẹ́ àpótí tí gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ fún wá kàn. Ẹ gbé sítíárìn sí àárín, kí ẹ fún un títí àlàfo á fi lọ, kí ẹ wá yí i lọ dé òpin ọ̀tún àti òpin òsì. Bó bá ń fún mọ́ra bó ti ń kúrò ní àárín, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí: àárín ni sítíárìn ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, nítorí náà eyín àárín ló ń jẹ jù. Ẹni tó fún ìdè títí eyín tó jẹ á fi pàdé ti fún eyín ìpẹ̀kun tí kò jẹ kọjá ààlà. Kò sí ìdè tó lè dá irin tó ti jẹ padà. Bí àlàfo àárín bá ti pọ̀ jù, ọ̀pá tuntun ni yóò gbà.

Ó ku kí a tọ́ táyà. Nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹ kò lè tọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí sítíárìn yí láti òpin dé òpin, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ dá a dúró síbẹ̀. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba nígbà yẹn. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti mú ọ̀pá ọ̀tún gùn sí i tàbí kí ẹ dín gígùn rẹ̀ kù títí táyà rẹ̀ á fi dojú kọ iwájú gan-an, lẹ́yìn náà ti òsì. Ẹ fi ẹfun sàmì sí àárín táyà méjèèjì níwájú, níbi tó ga tó irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀, ẹ fi téèpù wọn ọ́n. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí àmì á fi dé ẹ̀yìn, ẹ tún wọn ọ́n. Kí ti iwájú kéré sí ti ẹ̀yìn díẹ̀, láti òdo dé nǹkan bíi mílímítà 6. Ẹ sì rí i dájú pé ìdúró ara áásù ló ń dá táyà dúró bí ẹ bá yà dé òpin, kó má jẹ́ inú àpótí.

Ẹ̀yà ara kò wọ́n tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Banner Lane ti kú, ṣùgbọ́n TAFE ní Íńdíà ti ń ṣe Massey láti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1960, Millat ní Lahore nílẹ̀ Pakistan sì ṣe MF 240, tó jẹ́ àbúrò 135, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì àti síìlì rẹ̀ ní Agodi Gate n'Íbàdàn tàbí ní Ládípò l'Ékòó. Ẹ má rà á lórí orúkọ. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ wọn ọ́n mọ́ tuntun níwájú ọlọ́jà, ojú bóòtì sí ojú bóòtì. Ti àwọn tó ń lo páwà sítíárìn, irú MF 375, epo inú rọ́bà ló ń gbé iṣẹ́ tiwọn. Ọjọ́ mìíràn ni tiwọn.

Lọ́dọ̀ wa, òjò àkọ́kọ́ sábà máa ń rọ̀ ní oṣù kẹta, gbogbo ọgbà mẹkáníìkì láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó á sì kún lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé katakata yín wá ní oṣù kìíní, kí ẹ jókòó ti mẹkáníìkì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan àpótí kó tó dọ̀bálẹ̀ wo ìsàlẹ̀.